Èèkàn Inú Ọ̀sà

Ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá
ni Bàbá Sùbérù kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù,
ní Ayétòrò, l'Épẹ̀,
nínú àpò sìmẹ́ǹtì tó ń rùn bí ẹja yíyan.
Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì;
gbogbo agbolé tí wọ́n ti yẹ àmù wò
ni wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, bírò pupa.

Mo tẹ̀ ẹ́. Oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́rin.
Níbi tí orúkọ agbolé bá ti dé,
mo fẹ̀ ẹ́ lójú, mo mú un dúdú kírikírí,
mo fà á sí àárín bí ọkọ ìyàwó.

Bàbá na ọ̀pá sójú kọ̀ǹpútà:
"Gbé mi dé agbolé Ọlọ́kọ̀-Ńlá."
Mo bá ń yí i. Mo yí i, mo yí i,
ìka ń ro mí, jẹnẹrétọ̀ ń kùn,
a kọjá ibi tí à ń lọ, a padà, a tún kọjá.
"Ọmọ mi, lóru tí a bá ń tọ ọ̀sà bọ̀ láti Èjìnrìn,
ojúoró kọ́ la fi ń mọ̀nà.
Ojúoró dùn ún wò, àmọ́ ó ń rìn.
Èèkàn tó kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ là ń wò.
Èwo ló kanlẹ̀ nínú gbogbo èyí?"

N ò lésì.

Mọ̀ríámọ̀ ló dáhùn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń jẹ̀pà lẹ́yìn wa,
tí mo ti ń pè ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ Ajé:
"Àǹtí, ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ ni, ẹ ò fi wọ́n joyè.
Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá."
Ó nuwọ́ sí yẹ̀rì,
ó fi máòsì rẹ orúkọ kan láró,
ó lọ sókè, níbi tí àwọn sítáì tò sí,
tí mo ti ń wò fọ́dún mẹ́fà bí ẹni ń wo ilé onílé,
ó tẹ Àkọlé Kìn-ín-ní.
Àdúgbò gba Kìn-ín-ní, agbolé gba Ìkejì,
ìdílé gba Ìkẹta, ilẹ̀ sì ń ṣú.

Ó wá ṣí fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá òsì.
Háà.
Èèkàn tò lọ bẹẹrẹbẹ.
O tẹ orúkọ, o ti gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá sún mọ́ ọn títí èémí wọn fi bo gíláàsì.
Lábẹ́ Ọlọ́kọ̀-Ńlá, lábẹ́ ilé bàbá wọn,
níbi tó wọnú jù, tó kéré jù,
ni ilé ìyá wọn há sí bí ayálégbé:
Ìdílé Ará Ìwópìn.
"Ta ló fi wọ́n síbẹ̀?"
"Bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Bàbá."
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bú lójú omi, ó lọ.
"Àwọn ló fún bàbá mi nílẹ̀ tó kọ́lé sí.
Gbé wọn sókè."

Mọ̀ríámọ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì,
gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e,
ọmọ, àwọ̀n, kàǹga, gbèsè,
bí ará ilé tó kẹ́rù tí kò gbàgbé ìkòkò kan.

Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.
"Ó dọ̀la. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó níbi tó wà."
Wọ́n ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú.
Nínú òkùnkùn, Mọ̀ríámọ̀ ní òun ti fi pamọ́.