Abẹ́rẹ́ Keje

Ní Inuvik, ilé kì í jókòó sílẹ̀.
Ẹsẹ̀ igi ni wọ́n fi ń dúró, bí obìnrin tó ká ìró sókè
kó má baà rin.
Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì láti ayébáyé, kò fẹ́ ooru ẹnikẹ́ni lára.
Oòrùn lọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, kò dágbére;
ọkọ̀ ẹrù ń sáré lórí odò tó ti di títì.

Èmi ni mò ń ṣọ́ òru nídìí àwọn àwo ńlá,
àwo funfun mẹ́ta tó lanu sókè
bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ pẹ́ lóko.
Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé tí a ju abẹ́rẹ́ méjìlá sójú ọ̀run,
ẹ̀rọ tíntìntín, kò ju àtàǹpàkò lọ,
ìtànṣán iná la fi tì wọ́n lẹ́yìn,
wọn ò gbé epo, wọn ò gbé èèyàn.
Ìràwọ̀ pupa kan tí ojú lásán kò rí la rán wọn sí.
Wọ́n ní aládùúgbò wa ni.
Aládùúgbò!
Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fi ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́ta rìn délé rẹ̀.

Èkíní dákẹ́. Ìkẹrin forí sọ eruku.
Kí ìkẹfà tó dákẹ́, wọ́n ti gé owó wa,
àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ sí Calgary;
ó ku èmi, Lúsì Kuptana, àti ẹ̀rọ kọfí tó ń jò.

Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
Lúsì ń jẹ ẹja gbígbẹ.
Keje sọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà lásán ni, àmọ́ Lúsì ka nọ́ńbà bí ẹní ka ojú yìnyín:
ayé kan wà lọ́hùn-ún, apá kan rẹ̀ kì í rí òru,
apá kejì kò rí oòrùn rí.
Ó rẹ́rìn-ín títí ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀:
“Àwọn yẹn ń gbé Inuvik títí ayé!”
A rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń ka oṣù sẹ́yìn lórí ìka.
Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí gbéra,
ìyá mi ṣì wà ní Ìgbájọ, ó ń bú mi lórí fóònù:
“Arówóṣegbẹ́, kí lò ń wá nínú òkùnkùn?”
Ọ̀rọ̀ ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìyá fi lọ.
Bóyá wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn,
ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ,
tí ìyá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá mo ti jẹun.

Abẹ́rẹ́ ò ní búréèkì. Ó ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.
Wọ́n ní ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀;
okùn tiwa dà?

Mo kọ aago sínú ìwé, mo wọ bàtà, mo jáde.
Ẹyẹ ìwò kan bà lórí páìpù omi, ó ń wò mí.
Mo gbójú sókè síbi tó yẹ kí ìràwọ̀ náà wà.
N ò rí nǹkan kan.
Mo sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti jẹun.