Àmì Ohùn

"Mo ti fo awo Mama"
Bẹ́ẹ̀ ni Tanítolúwa ṣe kọ ọ́ sí mi,
láìfi àmì kan ṣoṣo sí i,
sí èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́ pátákó ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó:
dò, re, mí, ẹ tún un pè,
ẹni tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀
fi ilé sílẹ̀ láìtilẹ̀kùn ni.

Mo dúró ní Kútọ̀, mo gbé fóònù jìnnà sójú,
ọkọ̀ Ṣápọ̀n kún, ó lọ, n kò wọ̀ ọ́.
Ṣé ó fọ àwo ni, àbí ó fọ́ àwo?
Àwo olódòdó tí ìyá rẹ̀ àgbà fi sílẹ̀ fún un,
ìlà tín-ín-rín kan ló wà láàárín ọṣẹ àti àfọ́kù.
Ìgbà náà ni mo wo ìdí ọ̀rọ̀:
ojú róbótó kan, ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ,
ó wa eyín pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín,
òógùn kan sì ń já bọ́ níwájú orí rẹ̀.
Ó tán. Ó ti fọ́ ọ.
Ọmọ tí kò mọ àmì òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀
ti fi òógùn ṣe àmì òkè.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo tètè mọ̀.
Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ewúrẹ́ Ògúngbadé
jẹ fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì mi,
tòun ti fótò pélébé tí mo lẹ̀ mọ́ ọn,
agbárí mẹ́ta ló fi dá mi lóhùn.
Agbárí! Lọ́sàn-án gangan!
Mo pè é, ó ń dún, kò gbé e.
Mo ti wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì kó tó pè padà,
tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀:
"Bàbá, ẹ̀rín ló pa mí, mo kú ni."
Ṣebí àwa náà ń sọ ọ́, ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín pa mí,
a kò kàn ya òkú rẹ̀ ni.

Èmi náà gbé àtàǹpàkò sókè fún un nígbà kan.
Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ìwé kékeré kan wà lápò mi báyìí:
ọwọ́ méjì tó pàdé, ẹ̀bẹ̀ ni, nígbà mìíràn ọpẹ́;
iná, ilé kọ́ ló ń jó, aṣọ ẹni ló dára;
ẹni tó ń sunkún yẹn, ẹ̀rín ló ń rín;
ẹni tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí kò fi eyín hàn,
ẹ sá fún un.

Lọ́jọ́rú, òjò ti bo Olúmọ lójú,
mo béèrè pé báwo ni.
"Mo wa daadaa."
Kò sí ìbẹ́pẹ, kò sí agbárí,
àmì ìdánudúró nìkan, bí ìṣó tí wọ́n gbá wọlé.
Ẹlòmíràn á ní ọmọ náà ti ń kọ̀wé bó ṣe yẹ.
Mo gun ọ̀kadà lábẹ́ òjò, ó di Láfẹ́nwá.
"Ara rẹ̀ kò yá," mo sọ fún ọlọ́kadà tí kò bi mí.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ojú òun gan-an,
kò pọ́n, kò sì róbótó,
ojú tí kò sí nínú ìwé kékeré mi.
N kò bi í léèrè.
Mo fọ gbogbo àwo tó wà nílẹ̀, n kò fọ́ ọ̀kan.

Lóru, mo dùbúlẹ̀ sórí àga pálọ̀, fóònù mi tàn.
Láti inú yàrá rẹ̀ ni, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nídìí rẹ̀:
ojú kan tí n kò rí rí,
ẹnu rẹ̀ kò ṣí, kò sì pa dé dáadáa.
N kò kọ ọ́ sínú ìwé.
Mo pe orúkọ rẹ̀ gba ara ògiri kọjá,
tòun ti gbogbo àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀.
Ó jẹ́ mi.