Wọ́n Ti Ra Gbénró

Ọjọ́ Ajé ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tíì gbóná,
ẹnu Jìnádù ti gbóná.
Ó wọ jẹ́sì pupa tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí léjìká,
ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa ní Bàjùláyé, ní Ṣómólú,
ó ní, "Ẹ̀yin ará búlúù, ṣé ẹ rí oorun sùn lánàá?"

Àṣàmú kò gbójú sókè.
Ó ń fi kẹrosíìnì fọ íǹkì ní ìka rẹ̀.
"A sùn. Ife ẹ̀yẹ la fi ṣe ìrọ̀rí.
Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbé orí lé?"

Ó tán! Ta ló tún fẹ́ ṣiṣẹ́?
Jìnádù ní kóòṣì tàwọn mọ bọ́ọ̀lù í kọ́ ọmọ.
Ó ní ẹsẹ̀ kan á gbé e fún ẹsẹ̀ kejì
bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá àgbà,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ já bọ́.
"Ṣùgbọ́n tiyín! Á kó ọkùnrin mọ́kànlá sẹ́nu ilé
bí ẹni tó gbúròó agbowó-orí.
Mo san ọ̀ọ́dúnrún náírà wò wọ́n lọ́jọ́sí,
àfi bí ẹni pé mo sanwó oorun."

Àṣàmú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà ni wọ́n ń fi gàrí jẹ, Jìnádù,
kì í ṣe ẹwà.
Ọdún mélòó lẹ ti ń jó?
Ta ló ti lẹ náírà kan mọ́ yín níwájú orí?"

Wọ́n bọ́ sórí ọjà:
ta ló ra ta, èló ni wọ́n rà á,
ta ló lọ ra arúgbó orúnkún ní owó ọmọdé.
"Ọgọ́ta mílíọ̀nù póùn! Owó tó lè da ọ̀dà
láti ibí títí dé etí omi Bárígà!
Ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta, ó di èrò ọsibítù."

Èmi ń to ètò ìsìnkú, ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà.
Ìyá arúgbó ojú ìwé ń rẹ́rìn-ín sí wa
bí ẹni tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí kò fẹ́ dárúkọ.

Àríyíkẹ́ tó ń rán ìwé ní kọ̀rọ̀
kò dá abẹ́rẹ́ dúró tó fi bèèrè:
"Gbénró dà?"

Àfi bí ìgbà tí rẹfirí fọn fèrè.
Gbénró tó ń gé ìwé.
Gbénró tó ń fi àtàǹpàkò kan ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta bébà
tí kò ní ṣì í,
tí etí ìwé rẹ̀ máa ń gún bí ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá.
Bàtà rọ́bà rẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá yọ orí. "Àwọn ará òdìkejì ti gbà á.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n fi lé owó oṣù rẹ̀."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Jìnádù tó ti ń ná mílíọ̀nù láti àárọ̀
ń wo ilẹ̀.
Àṣàmú ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi mẹ́wàá lé e."
Ọ̀gá wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó gbá pẹnáritì lu ọ̀run.
"Nínú owó ta ni?"

Lọ́sàn-án, a rí i lódìkejì títì,
épírọ́ọ̀nù tuntun lọ́rùn, ewé ni àwọ̀ rẹ̀.
Ó juwọ́. Ó ké, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi! Ta ló borí lánàá?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.
Lẹ́yìn náà ni Jìnádù ké padà, "Ọ̀dàlẹ̀!"
àwọn méjèèjì sì fi ẹ̀rín sí i.

Èmi ni mo gé ètò ìsìnkú yẹn.
Ọ̀bẹ wọ́, ó mú díẹ̀ nínú gèlè ìyá arúgbó.
Àṣàmú gbé e sókè sí iná, kò sọ nǹkan kan.

Àríyíkẹ́ fi eyín já òwú.
"Ọjà yín yẹn, ìgbà wo ló tún ń ṣí?"

"Oṣù Ṣẹ́rẹ́," Jìnádù ní,
ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.