Mọ́kàndínlógún

Lórí ìwé, ọmọ ìgbìmọ̀ gọ́tà jẹ́ mọ́kàndínlógún.
Lórí bẹ́ǹṣì, mẹ́fà.
Bẹ́ẹ̀ òfin wa ní bí a ò bá pé mẹ́wàá
a ò gbọdọ̀ ra ṣọ́bìrì kan,
a ò gbọdọ̀ bẹ ẹni tí yóò kó yẹ̀pẹ̀ ẹnu kọ́fátì.
Èmi ni akọ̀wé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ́:
"A ò pé. A tú ká."

Àgbàrá ò ka orí kó tó wọlé.
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ó ti ẹ̀gbẹ́ òkè já wọ Kàbà,
ó ru ọ̀rá omi, èèpo gbágùúdá,
bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
Ó dé ẹnu kọ́fátì, ó bá a ní dídí,
ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí télọ̀,
ó gun máṣíìnì lórí bí ẹní gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ìkún omi yẹn ló kó wa jọ: a pé mọ́kànlá!
Tìmẹ́yìn tó ń tún ọ̀kadà ṣe dìde.
"Ẹ jẹ́ ká dín in kù. Ká jẹ́ méje.
Ẹni méje á lè sá sábẹ́ agboòrùn méjì."
Bàbá Olóruntọ́ba wúkọ́.
"Ìwọ ọmọ yìí, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Bàbá mi ló jókòó síbí kí n tó jókòó.
Ta lẹ fẹ́ kó dìde?"
A wolẹ̀. Ilẹ̀ ṣì tutù.

Mo ṣí ìwé, mo ń ka orúkọ sókè.
Ẹni kẹrin ti kó lọ sí Lọ́kọ́ja.
Ẹni kẹsàn-án, a ti sin ín látìgbà ọyẹ́;
mo ṣì ń kọ ọ́ pé "kò ráyè wá."
Ìbíwùmí bú sẹ́rìn-ín,
òun tí kì í ṣe ara wa, tó kàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà
torí máṣíìnì rẹ̀ ń dípẹtà.
Ẹ̀rín náà ran gbogbo wa. Ó ran Bàbá.

A nawọ́. Mẹ́wàá lọ sókè.
Bàbá ká tirẹ̀ mọ́ àyà.
Lẹ́yìn náà ló gba bírò lọ́wọ́ mi,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó fagi lé orúkọ ara rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì.
"Ẹ kọ ti obìnrin yẹn síbẹ̀.
Ilé rẹ̀ ló ń bá wa mu omi."
Mo fẹ́ fagi lé tèmi náà, wọ́n ní rárá,
ta ni yóò máa kọ ọ́?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, márùn-ún nínú méje ló yọ.
"Ọ̀kún o." "Ọ̀kún."
Ṣọ́bìrì ò tó, Ìbíwùmí ń fi abọ́ gbọ́n ẹrẹ̀.
Bàbá jókòó sórí òkúta,
ó ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́;
kò sẹ́ni tó ráyè gbọ́ tán.
Mo nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, mo kọ ọ́:
"A pé."
Lẹ́yìn òkè, òjò tún ń ṣú.