Ọmọ Ìyè Kan Náà

Nínú ìsọ̀ káfíńtà bàbá mi ní Òkè-Ọ̀ṣun, Ìkéré,
níbi tí lẹ́búlẹ́bú ìrókò ṣì ń rùn
lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí a ti sin ín,
mo tú mọ́tò kan jáde nínú ikùn ẹ̀rọ fótókọ́pì
tí Fámuyìwá jù sílẹ̀ fún òjò.

Mọ́tò yìí kì í sáré bíi ti fáànù.
Ìṣísẹ̀ ló ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
igba ìṣísẹ̀ kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan péré,
bí ẹni ń gun àpáta lóru tó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó le.

Wáyà mẹ́rin ló yọ lẹ́nu rẹ̀:
pupa, búlúù, dúdú,
àti ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá.
Ta ló bá ta tan? Kò sí ìwé tó bá a wá.
Bọ́ọ̀dù tí yóò darí rẹ̀ kò tó bísíkíìtì,
ó la ihò mẹ́rin sílẹ̀, ó ń wò mí.

Mo so ó bó ṣe wù mí.
Mọ́tò gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gbọ̀n,
bí ẹni ibà ká mọ́ orí ẹní,
kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.
Ìbírónkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ń jó!"
Mo fò mọ́ bátìrì ọ̀kadà, mo já a.
N kò dúró bi í bóyá ijó ni àbí iná.
(Bọ́ọ̀dù méjì ni mo ti sun rí:
mo fa wáyà yọ nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀.)

Mo ní kó lọ́ wáyà méjì pọ̀, kó fi ìka yí ọ̀pá.
Pupa àti búlúù: ó yí geere. Àlejò ni wọ́n.
Pupa àti èyí tó ṣá: geere náà ni.
Pupa àti dúdú:
ọ̀pá kọ̀, ó ṣagídí,
ó ń ta kọ́, kọ́, kọ́ lábẹ́ ìka ọmọ ọdún mọ́kànlá.
"Ọmọ ìyè kan náà!"
Bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan níbẹ̀ o.
Agbára tó ń dè é lọ́wọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti wá.

Mo rọra yí ìdè bíńtín tó ń díwọ̀n iná.
Ó lọ.
Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ, mo ní kí ọmọ ìyè méjì pààrọ̀ àyè.

Ilẹ̀kùn tí bàbá gbẹ́ dé ìdajì ṣì fara ti ògiri.
Kò tíì kàn án. Lálẹ́ yìí, ìṣísẹ̀ la ń kà.
Ìbírónkẹ́ kà á dé ogóje, oorun gbé e lọ.
Ọgọ́ta tó kù, èmi ni mo kà á.