Àwo Orin Inú Mọ́tò Bàbá Wa

Nígbà tí Bàbá ra tòkunbọ̀ ní ọ̀nà Ọba-Ilé,
a bá iyanrìn lábẹ́ àga,
a bá bọ́tìnnì aṣọ ọmọdé kan,
a sì bá àwo orin tó há sẹ́nu rédíò.
Aládéwọlú rewáyà fi ọ̀bẹ tọ́ ọ,
ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó gbá a lórí.
Ó ní, "Tíṣà, nǹkan yìí ti kọ́lé síbẹ̀.
Bí mo bá yọ ọ́, rédíò á kú."
Bàbá ní kó fi í sílẹ̀.
Àlejò tó bá mọ́tò dé, ta ní í lé e?

Bí a ṣe mọ àwọn obìnrin Jàpáànù nìyẹn,
láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó,
ní àárọ̀ Àìkú, kí ìrì tó gbẹ lára kòkó.

Ẹni àkọ́kọ́ ń kọrin bí ẹni ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀,
tí kò fẹ́ kó jí,
tí kò sì fẹ́ kó má gbọ́.
Dùùrù nìkan ló tẹ̀lé e.
Màmá sọ ọ́ ní Abiyamọ Òru.
Àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ mẹ́rin, a ka ohùn wọn:
gìtá, ìlù tó ń já bí òjò orí páànù,
àti ọmọbìnrin kan tó ń pariwo,
tí yóò sì rẹ́rìn-ín láàárín ariwo,
bí ẹni tó ju àwo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò fọ́.
Fẹ̀hìntọlá àbúrò mi á máa fi ìka lu ẹ̀yìn àga Bàbá
títí dé Ọ̀wẹnà.

A ò gbọ́ èdè. Etí wa ló ń wá ilé tirẹ̀ kiri.
Bí Abiyamọ Òru bá ní "sora, sora,"
Bàbá á tẹ búréèkì:
"Ẹ ẹ̀ gbọ́? Ó ní ká ṣọ́ra."
Kọ́nà ibẹ̀ ò sì gba ìwàǹwara lóòótọ́.
Ní orin kẹfà, ó ní "kokoro."
Màmá, ọmọ àgbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín:
"Àṣé kòkòrò ń jẹ oko tiwọn náà?
Kí ó tètè fín oògùn sí i."

Ọdún mọ́kànlá la fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá.
Èmi ni mo wa mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ní Oǹdó.
Kò jẹ́ kí n pa rédíò.
Dókítà gbé etí sí i láyà, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ọkàn ni, ó ní. Ó ti rẹ̀ ẹ́.
Lóru, lórí bẹ́ǹṣì, mo mú fóònù,
mo wá ọ̀rọ̀ méjì péré tí mo mọ̀ lẹ́nu obìnrin náà.
Sora: ojú ọ̀run.
Kokoro: ọkàn.

Mi ò jí ẹnikẹ́ni láti sọ fún un.

Bàbá padà wálé. Mọ́tò ni kò padà;
òun la tà fi san owó abẹ́.
Ará Ilé-Olújì kan ló rà á,
a gbàgbé láti sọ̀rọ̀ àlejò inú rẹ̀ fún un.
Nígbà tí mo wá ṣàlàyé fún Bàbá, ó mi orí:
"Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run, kò yẹ kó ṣọ́ra?"

Mo ti gbọ́ àwọn mìíràn láti ìgbà náà, wọ́n pọ̀:
ẹni tó ń kọrin bí ẹni ń ka lẹ́tà tí kò ní fi ránṣẹ́,
àwọn ọmọge tí gìtá wọn ń ké bí ẹ̀rọ ìlagi ọ̀nà Òdà.
Ẹ gbọ́ wọn. Ẹ má dúró de ìtumọ̀.
Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí tiwa. Mi ò mọ orúkọ wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nítòsí Ọjà Ọba,
mo gbọ́ ìlù yẹn láti fèrèsé mọ́tò kan,
mo pariwo, mo sáré.
Awakọ̀ dúró. "Oǹdó ni mò ń lọ," ó ní, "ẹ wọlé."
Ilé mi ò ju ìṣísẹ̀ ogójì lọ síbẹ̀.
Mo wọlé.