Odò Kún

Pákó kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀,
àjẹkù iṣẹ́ káfíńtà kan ní Láfẹ́nwá.
Mo fi irin gbígbóná fa odò Ògùn gba àárín rẹ̀ kọjá,
mo ṣa ìdérí ìgò jọ, pupa mẹ́fà, funfun mẹ́fà,
mo ní: ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ará ilé rẹ̀ sọdá ló jẹ.

Òfin mọ́kànlélógójì ni mo kọ sínú ìwé.
Mo ń kà á fún Ìdògbé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
lórí òkúta pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkìjà.
Kí n tó dé ìkẹtàdínlógún
oorun ti gbé e dé òdìkejì odò,
kò wọkọ̀, kò sanwó.

Mo gé òfin kù. Ó ku mẹ́sàn-án.
Ṣóyọyè dé, ọmọ tó mọ ìṣirò bí orúkọ ara rẹ̀,
ó jẹ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í yán,
ẹnì kan rántí pé ìyá òun rán òun níṣẹ́.
Eré tí olúborí rẹ̀ ti hàn láti àárọ̀
kì í ṣe eré mọ́, ìdájọ́ ni.
Mo wá fún odò lẹ́nu:
bí dáìsì bá bọ́ sí méjì, omi á kún,
ẹni tó ṣíwájú ni ṣòkòtò rẹ̀ á kọ́kọ́ tutù.

Omi náà pọ̀ jù.
Ọ̀lẹ àti ọlọgbọ́n ń rì bákan náà.
Mo bu díẹ̀ kúrò, mo tún da díẹ̀ padà,
bí ẹni ń wá iyọ̀ tó tó ọbẹ̀,
oṣù mẹ́rin, iná ń lọ, iná ń bọ̀.

Bèbè odò ni òfin.
Bí kò bá sí bèbè, ẹrẹ̀ lásán ni omi.
Bí bèbè méjèèjì bá pàdé, odò ti kú.
Mo kọ èyí sára ògiri, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sífáwù, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
kọ̀, kò sọdá.
Ó to ìdérí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí èbúté,
ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá sanwó fún òun.
Mo ní, "Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí!"
Ó ní, "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí?"
Mo wo ìwé. Mo yí ẹ̀yìn ìwé wò.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lánàá mo gba Adátán kọjá.
Àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí fi èédú ya odò sórí sìmẹ́ǹtì,
òkúta wẹẹrẹ ni èrò ọkọ̀,
wọ́n ń pè é ní Sanwó Èbúté.
Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ mi.
Ọ̀kan wò mí láti orí dé ẹsẹ̀:
"Ẹ jókòó, bàbá. Kò le."
Wọ́n jẹ mí kí oòrùn tó wọ̀.
Mo ní ká tún un ṣe.